Ìwé Ìṣirò Ọ̀dàn: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Bá Ènìyàn Wádìí Iná, Òjò àti Koríko



Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì ọdún, ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn pé kí eérú dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa já bọ́ láti òkè sórí páànù ilé àti sára aṣọ tí a sá sí agbo ilé. Àwọn ọmọdé a máa fi í ṣeré, àwọn ìyálé ilé a sì máa bínú sí i nítorí aṣọ wọn. Ara koríko ọ̀dàn ni eérú náà. Iná ti jó o ní ọ̀nà jíjìn, afẹ́fẹ́ sì ti gbé e wá. Ẹni tí ó jókòó sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí kò fi ẹsẹ̀ kan oko láti ìgbà pípẹ́, ọ̀dàn ti wá bá a nílé.

Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Ìbàdàn lẹ́nu, nítorí pé inú orúkọ ìlú náà gan-an ni ọ̀dàn wà. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni àwọn àgbà sọ pé ó di Ìbàdàn. Bí ènìyàn bá kọ ojú sí gúúsù, ilẹ̀ igbó ni yóò máa bá pàdé; bí ó bá kọ ojú sí àríwá, koríko ni yóò máa pọ̀ sí i títí yóò fi dé Ọ̀yọ́ àti Ṣakí. Bẹ́ẹ̀ ni òjò tí ń rọ̀ sí Ìbàdàn lọ́dún, tí ó máa ń tó nǹkan bí mìlímítà 1,200 tàbí kí ó lé díẹ̀, tó láti sọ ilẹ̀ di igbó. Kí ni ó wá fà á tí igi kò fi bo gbogbo ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Púpọ̀ nínú èlùbọ́ tí a fi ń ro àmàlà ní Ìbàdàn, láti ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn ni ó ti ń wá. Irú tí a fi ń se ọbẹ̀ àti òrí tí a fi ń pa ọmọ lára, igi inú ọ̀dàn ni ó ń so wọ́n. Màlúù tí a ń tà lọ́jà, koríko ni ó jẹ dàgbà. Bí ọ̀dàn bá sunwọ̀n, ìkòkò ọbẹ̀ a sunwọ̀n. Bí ọ̀dàn bá bàjẹ́, àgbẹ̀ àti darandaran a máa du ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìjà bẹ́ẹ̀ ti gba ẹ̀mí àti dúkìá ní ilẹ̀ wa, kò sì sí ìdílé tí ó ń ra oúnjẹ lọ́jà tí kò ní í kan. Nítorí náà, ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe lè mọ ohun tí ọ̀dàn lè gbà àti ohun tí kò lè gbà, kí ó tó di pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ fi ìyà kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́.

Ilẹ̀ mẹ́ta ní Olókèméjì

Ní ọdún 1929, ọdún kan náà tí a parí Gbọ̀ngàn Màpó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó igbó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nínú igbó ọba Olókèméjì, lẹ́bàá odò Ògùn, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Wọ́n pààlà ilẹ̀ mẹ́ta sí ibì kan náà. Ilẹ̀ kìíní, wọ́n ń sun ún lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ní nǹkan bí oṣù kẹta. Ilẹ̀ kejì, wọ́n ń sun ún lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kejìlá. Ilẹ̀ kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ rárá. Òjò kan náà ni ó ń rọ̀ sí ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oòrùn kan náà ni ó ń ràn sí wọn. Ọ̀ràn iná nìkan ni a mú kí ó yàtọ̀.

Ní ọdún 1960, J. R. Charter àti R. W. J. Keay tẹ ìròyìn ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ wọ̀nyí lẹ́yìn ọdún 28 jáde. Ilẹ̀ tí a ń sun ní ìgbẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ gbangba koríko tí igi rẹ̀ kò pọ̀. Ilẹ̀ tí a ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ní igi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dàn ni síbẹ̀. Ilẹ̀ tí iná kò dé ti ń di igbó: igi ti pọ̀ níbẹ̀, koríko ti ń kú lábẹ́ òjìji wọn, àwọn igi igbó tí kì í fara da iná sì ti ń hù.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, omi ṣì wà lára koríko. Iná a máa rìn nílẹ̀ pẹ̀lẹ́, a sì máa kú lójú ọ̀nà. Ní ìgbẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ti gbẹ bí ìṣáná. Iná a fò sókè, a sì jó igi kékeré láti ìdí dé orí. Gbòǹgbò igi náà lè má kú, ó lè tún yọ lẹ́yìn òjò, ṣùgbọ́n bí iná bá tún dé ní ọdún kejì kí orí rẹ̀ tó ga kọjá ibi tí ọwọ́ iná ń dé, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún padà sí. Báyìí ni igi kan ṣe lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kò sì ní í ga ju ọmọdé lọ.

Iṣẹ́ Olókèméjì fi ohun pàtàkì hàn wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mẹ́ta kò lè dáhùn gbogbo ìbéèrè. Bí a bá ń sun ilẹ̀ ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ńkọ́? Bí màlúù bá ń jẹko níbẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n sì ti jẹ koríko tí ìbá di oúnjẹ iná? Bí òjò bá ń pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Bí a óò bá máa dúró fún ọdún 28 lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó béèrè yóò ti di baba ńlá kí èsì tó dé. Níbi yìí ni kọ̀ǹpútà ti bọ́ sí ojú iṣẹ́.

Ohun tí a ń pè ní àwòṣe

Àwọn onímọ̀ a máa ṣe ohun kan tí a lè pè ní àwòṣe ọ̀dàn. Kì í ṣe àwòrán, kì í sì í ṣe ère. Ìwé ìṣirò ni. Ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba mọ iye àpò tí ó wà nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, iye tí ó wọlé, iye tí ó tà, àti iye tí kòkòrò bàjẹ́. Bí ó bá ṣírò wọn pọ̀, yóò mọ iye tí ó yẹ kí ó kù, yóò sì lè sọ bóyá ọjà òun yóò tó títí di ìgbà tí ọkọ̀ Òkè-Ògùn yóò tún dé. Àwòṣe ọ̀dàn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Òjò àti oòrùn ni ó ń mú ọjà wọlé. Màlúù, iná àti jíjẹrà ni ó ń kó o jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kékeré kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní pápá kan ní ìdì koríko 100 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí òjò sì jẹ́ kí ó fi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i. Ìdì 20 kún un, ó di 120. Màlúù jẹ 30 níbẹ̀, ìdì 10 sì gbẹ, ó jẹrà. Ó ku 80. Ní oṣù kejì, òjò rọ̀ bákan náà, màlúù náà kò sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún 80 kò ju 16 lọ. Ó di 96. A yọ 40 kúrò, ó ku 56. Ní oṣù kẹta, ó ku nǹkan bí 27. Ní oṣù kẹrin, koríko ti tán, màlúù sì ń wo ojú olówó rẹ̀. Òjò kò dínkù, màlúù kò pọ̀ sí i, síbẹ̀ pápá ti parun. Ká ní ìdì 10 péré ni màlúù ń jẹ lóṣù, ìdì 100 ni ìbá máa wà níbẹ̀ títí.

Àpẹẹrẹ yìí kéré púpọ̀, a sì lè fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀. Nínú àwòṣe gidi, a ní láti ya ewé sọ́tọ̀ kúrò lára gbòǹgbò, kí a ṣírò omi tí ó wà nínú ilẹ̀, ajílẹ̀ tí ewé jíjẹrà ń dá padà, òjìji igi lórí koríko, àti bí iná yóò ṣe gbóná tó. Ọ̀kan ń ti èkejì, èkejì sì ń fa ẹ̀kẹta. Ìṣirò irú èyí fún ọgọ́rùn-ún ọdún yóò gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọ̀wé ní àkókò gígùn. Kọ̀ǹpútà a máa parí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ irú èyí bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1968, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado, lábẹ́ àkóso George Van Dyne. Wọ́n kó àwọn onímọ̀ koríko, ẹranko, kòkòrò àti ilẹ̀ jọ, wọ́n sì ṣe àwòṣe kan tí wọ́n pè ní ELM, tí a tẹ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1978. Ohun púpọ̀ ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ni ni pé bí ẹrù bá ti pọ̀ jù nínú àwòṣe, nígbà tí ó bá ṣìnà, ó máa ń ṣòro láti mọ ibi tí àṣìṣe wà. Ní ọdún 1987, William Parton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òmíràn jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CENTURY. Èyí kò du ohun gbogbo. Ọ̀rá ilẹ̀ ni ó gbájú mọ́, tí ó ń ṣírò rẹ̀ ní oṣù kan sí òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Bí a ṣe ń dán an wò

Ṣíṣe àwòṣe kì í ṣe òpin iṣẹ́. Ìdánwò rẹ̀ ni ó ṣòro. Kọ̀ǹpútà kì í tijú. Bí a bá fún un ní ìṣirò tí kò tọ́, yóò fi ìgboyà fún wa ní èsì tí kò tọ́.

Ìlànà àkọ́kọ́ ni pé a kò gbọdọ̀ fi ohun tí a fi kọ́ àwòṣe dán an wò. Olùkọ́ tí ó fún ọmọ ilé-ìwé ní ìbéèrè àti ìdáhùn ní alẹ́, tí ó sì bi í ní ìbéèrè kan náà ní òwúrọ̀, kò tíì mọ̀ bóyá ọmọ náà gbọ́n. Nítorí náà, a máa ń pa apá kan nínú àkọsílẹ̀ mọ́. A ó fún àwòṣe ní òjò àti irú ilẹ̀ ibẹ̀, a ó sì ní kí ó sọ iye koríko tí yóò hù. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣí àkọsílẹ̀ tí a pa mọ́, a ó sì fi wé e.

Ìlànà kejì ni pé kí a gbé e lọ sí ibi púpọ̀. Ní ọdún 1993, Parton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìdánwò CENTURY jáde láti orí pápá koríko 11, ti ilẹ̀ tútù àti ti ilẹ̀ olóoru. Ní ti kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀, gbogbo èsì àwòṣe ni kò jìnnà sí òtítọ́ ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí ni pé bí òtítọ́ bá jẹ́ 100, àwòṣe kò sọ ohun tí ó dín sí 75 tàbí tí ó ju 125 lọ. Ní ti náítírójìn, ó kẹ́sẹ járí bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ní ti koríko tí ń hù lọ́dún, nǹkan bí ìgbà 60 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó dé ìwọ̀n yẹn. Ní pápá méjì ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní àwọn ọdún tí koríko hù púpọ̀ rékọjá, àwòṣe sọ iye tí ó kéré jù. Àwọn tí ó ṣe é kò fi àṣìṣe yìí pa mọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìyẹn ni a fi ń mọ onímọ̀ tòótọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ń polówó ọjà.

Ìlànà kẹta ni pé kí a fi àwòṣe ńlá wé ọ̀nà kékeré. Bí a bá lè fi òjò nìkan sọ iye koríko, tí àsọtẹ́lẹ̀ náà sì tọ́ bíi ti kọ̀ǹpútà, kí ni a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe? Nínú ìdánwò ọdún 1993 yìí, CENTURY borí àwọn ìṣirò kékeré, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó fi borí wọn. Èrè rẹ̀ ni pé ó lè dáhùn ìbéèrè nípa iná, ajílẹ̀ àti jíjẹko, èyí tí ìṣirò òjò nìkan kò lè dáhùn.

Ohun tí a ti rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

A kò ní láti lọ sí òkè òkun kí a tó rí irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1962, Maxime Lamotte àti Jean-Luc Tournier dá ibùdó ìwádìí ọ̀dàn sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Orúkọ àwọn méjèèjì ni a gé pọ̀ tí ó fi di Lamto. Òjò ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti Ìbàdàn, inú oṣù kìíní ọdún ni a sì máa ń sun ọ̀dàn rẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ibi tí a dá ààbò bò lọ́wọ́ iná ti di ibi tí igi bò. Ní ọdún 1990, Jean-Claude Menaut, Jacques Gignoux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àwòṣe kan jáde láti Lamto, tí ó ń ṣírò bí iná, koríko àti ìfigagbága láàárín igi sí igi ṣe ń pinnu iye igi tí yóò wà nínú ọ̀dàn. Ohun tí Olókèméjì fi ojú hàn, ìṣirò ń bá a wá ìdí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Málì, lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tí ó pa ẹran àti ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ náà àti ti Nẹ́dálándì fi ọwọ́ so ọwọ́ láti wádìí pápá ìjẹko ibẹ̀. Frits Penning de Vries àti Djitèye ni olóòtú ìwé èsì náà, tí ó jáde ní ọdún 1982. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ́lẹ̀ ni pé omi nìkan ni koríko ilẹ̀ gbígbẹ ń wá. Ìṣirò àti ìdánwò lórí pápá fi hàn pé níbi tí òjò ọdún bá ti kọjá nǹkan bí mìlímítà 300, àìtó náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú ilẹ̀ ni ó ń dá koríko dúró ju àìtó omi lọ. Òjò lè tó, kí ilẹ̀ máà ní ohun tí yóò fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí tóbi, nítorí pé òjò ń bẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ajílẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ ènìyàn. Ìgbẹ́ màlúù tí darandaran fi sílẹ̀ sórí ilẹ̀ àgbẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, ọrọ̀ ni, bí àwọn méjèèjì bá lè fi àdéhùn ṣe é láìsí ìjà.

Ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe

Kọ̀ǹpútà kò lè mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé àwọn ènìyàn dìde lọ́dọọdún láti ọdún 1929, tí wọ́n sun èyí tí ó yẹ kí wọ́n sun, tí wọ́n sì dáàbò bo èyí tí ó yẹ kí wọ́n dáàbò bò, kò sí ẹ̀rọ tí ì bá lè sọ ìtàn Olókèméjì fún wa. Lóòótọ́, láti ọdún 2000 ni àwọn sátẹ́láìtì ti ń fi ẹ̀rọ tí a ń pè ní MODIS wo ibi tí iná ń jó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n iná kékeré tí ó rà lábẹ́ igi lè bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè sọ fún wa bóyá èrùwà ni ó jó tàbí bẹẹrẹ, tàbí ẹni tí ó dá iná náà àti ìdí tí ó fi dá a. Ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ ni ó lè sọ èyí.

Bákan náà, àwòṣe kò mọ ohun tí àgbẹ̀ àti darandaran bá ara wọn sọ ní ìdí igi, kò sì mọ ọjọ́ tí owó èlùbọ́ yóò gbé sókè tí gbogbo ènìyàn yóò sì sáré lọ ro ilẹ̀ tí màlúù ti ń jẹ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú èsì kọ̀ǹpútà wá láti fi ṣe òfin lórí ilẹ̀, ó yẹ kí àwọn baálẹ̀, àgbẹ̀ àti darandaran bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: níbo ni a ti kó àkọsílẹ̀ tí a fi ṣe é? Èkejì: ṣé a ti dán an wò lórí àkọsílẹ̀ tí kò rí rí? Ẹ̀kẹta: báwo ni àṣìṣe rẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Ẹni tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a jókòó tì í. Ẹni tí ó bá ń bínú nítorí ìbéèrè náà, kí a máa ṣọ́ra.

Nínú ohun tí a ti mọ̀ dájú, díẹ̀ wà tí kò nílò ẹ̀rọ mọ́. Ẹni tí ó bá di dandan fún láti sun ilẹ̀ ọ̀dàn, kí ó sun ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó ro etí oko rẹ̀ yíká kí iná má baà ré kọjá, kí ó sì sọ fún aládùúgbò rẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí ó ní igi irú tàbí igi òrí kékeré lóko, kí ó mú koríko kúrò ní ìdí rẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi kọjá ọwọ́ iná. Ẹni tí ń da ẹran, kí ó rántí ìṣirò ìdì koríko: pápá kì í parun lọ́jọ́ kan; díẹ̀díẹ̀ ni gbèsè rẹ̀ ń gun orí ara wọn. Ẹni tí ó bá sì lè kọ̀wé nínú ìdílé, kí ó máa kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ọjọ́ tí iná jó oko, àti iye tí a kórè. Ohun tí ọmọ bá kọ sílẹ̀ lónìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ lè fi dá ẹjọ́ láàárín òtítọ́ àti àsọdùn.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n àgbẹ̀ tí ó mọ àkókò iná, ti darandaran tí ó mọ adùn koríko, àti ti onímọ̀ tí ó ń ṣírò wọn pọ̀, kí a má ṣe jẹ́ kí ọ̀kan fi ojú di èkejì. Nígbà tí eérú koríko bá tún bọ́ sórí páànù Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ọyẹ́ tí ń bọ̀, ẹni tí ó bá ń gbọn ọ́n kúrò lára aṣọ rẹ̀, kí ó béèrè oṣù tí a wà. Bí ó bá jẹ́ oṣù kejìlá, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti fi ọgbọ́n dá iná. Bí ó bá jẹ́ oṣù kẹta, kí ó mọ̀ pé igi kékeré kan tún ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀.